Òótọ́ àbí irọ́? "Ẹ má sọ Yorùbá sí ọmọ yẹn mọ́"

Ẹ fojú inú wo ọmọ ọdún méjì ní nọ́sìrì kan ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó na ife sókè, ó ní, "Omi." Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ yé. Ó tún un sọ, ó fi ife lu tábìlì, ló bá bú sẹ́kún. Kílẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọmọ yìí kì í sọ̀rọ̀, inú sì máa ń tètè bí i. Láìpẹ́, ẹnìkan á gba ìyá rẹ̀ nímọ̀ràn pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni kó máa sọ nílé, pé èdè méjì ló ń da orí ọmọ rú.

Irọ́ ni! Èdè méjì kì í fa kí ọ̀rọ̀ pẹ́ lẹ́nu ọmọ. Èyí tí tirẹ̀ bá pẹ́ lóòótọ́, nínú èdè méjèèjì ló ti máa hàn, nítorí náà ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ń sọ nílé. Ta ló fẹ́ sọ fún un, bí kò ṣe òbí? Ìlànà ìjọba England fún nọ́sìrì, EYFS, pàápàá ní kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ rí àyè lo èdè ilé rẹ̀ nídìí eré àti ẹ̀kọ́.

Àwa náà ti gbọ́ irú ìbẹ̀rù yìí rí nílé, ní Nàìjíríà. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀, ọdún mẹ́fà gbáko. Àwọn ọmọ náà kò kẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì.

"Ilé ìwé nìkan ló lè ní kí wọ́n yẹ ọmọ wò fún ìrànlọ́wọ́ àkànṣe." Irọ́ nìyẹn náà. Òfin England ti ọdún 2014 sọ pé òbí lè fúnra rẹ̀ kọ̀wé sí káńsù, káńsù sì gbọ́dọ̀ fèsì láàárín ọ̀sẹ̀ 6.

"Bí tíṣà bá pe òbí, ọmọ ti dáràn." Èyí fẹ́ẹ̀ jọ òótọ́, ẹ̀bi àwọn tíṣà sì ni. Ẹni tí kì í pè wá àfi lọ́jọ́ ìjà, báwo ni ọkàn wa ò ṣe ní já?

Ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n bá pè yín. Nọ́sìrì gbọ́dọ̀ yan òṣìṣẹ́ kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Òun ni kẹ́ ẹ wá lọ. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ bíi mẹ́wàá sínú bébà fún un: omi, ó dùn mí, mo fẹ́ tọ̀. Lójú tèmi, bébà yẹn ju ìpàdé wákàtí kan lọ. Òṣìṣẹ́ náà á pe "omi" lódì o, á ní "òmí". Ọmọ á gba ife, á mu ún.