Ṣé O Mọ̀? Owó Ìlú Ti Wà Nínú Géèmù Láti Ìbẹ̀rẹ̀

Ṣé o mọ̀ pé owó ìjọba Amẹ́ríkà ni wọ́n fi ṣe ọ̀kan lára àwọn géèmù tó kọ́kọ́ dé ojú ayé, àti pé ẹni tó ṣe é wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ lórí bọ́ǹbù átọ́míìkì? William Higinbotham ni orúkọ rẹ̀, onímọ̀ físíìsì ní ilé ìwádìí ìjọba tó wà ní Brookhaven, ìpínlẹ̀ New York. Lọ́dọọdún ni wọ́n máa ń ṣí ilẹ̀kùn ibẹ̀ fún ará ìlú kí wọ́n wá fojú ara wọn rí iṣẹ́ tó ń lọ. Higinbotham ṣàkíyèsí pé ó ń sú àwọn àlejò: àwòrán lára ògiri, ẹ̀rọ tí kò mira, kò sí ohun tí wọ́n lè fọwọ́ kàn. Nígbà tó di oṣù Kẹwàá ọdún 1958, ó so kọ̀ǹpútà kan mọ́ oscilloscope, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ìrìn iná, ó sì sọ ojú rẹ̀ tí kò ju íǹṣì 5 lọ di pápá tẹ́níìsì. Ìlà kan ni ilẹ̀, ìlà kúkurú kan ni àwọ̀n, ìmọ́lẹ̀ bíńtín kan ni bọ́ọ̀lù. Àwọn èèyàn tò bẹẹrẹ láti gbá a.

Wọ́n tún gbé e jáde lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà wọ́n tú u palẹ̀, wọ́n kó ohun èlò rẹ̀ lọ fi ṣe iṣẹ́ mìíràn. Kò sẹ́ni tó rò pé ẹnikẹ́ni yóò tún béèrè rẹ̀. Nígbà tí ilé ìwádìí náà ń ṣe àjọ̀dún 50 ọdún rẹ̀ ní 1997, ṣe ni wọ́n tún géèmù náà kọ́ láti ìpìlẹ̀ kí èèyàn tó lè rí i.

Ìyẹn ló mú mi kọ ohun tí mò ń kọ yìí. Àríyànjiyàn wà lórí bóyá ó yẹ kí ìjọba máa fi owó ìlú gbé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé géèmù ró. Èmi gbà pé ó yẹ.

Ṣé o mọ̀ pé Higinbotham nìkan kọ́ ló ṣe géèmù lábẹ́ òrùlé ìjọba? Tetris, tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ láti ara ẹ̀rọ kékeré àtẹ́lẹwọ́ tó gbòde láyé àwọn ọdún 1990, ibùdó kọ̀ǹpútà Akadẹ́mì Sáyẹ́ǹsì ní Moscow ni Alexey Pajitnov ti ṣe é ní 1984, lórí kọ̀ǹpútà ìjọba. The Oregon Trail, tí àìmọye ọmọ Amẹ́ríkà fi kọ́ ìtàn ilẹ̀ wọn, àjọ MECC tí ìpínlẹ̀ Minnesota dá sílẹ̀ ní 1973 ló pín in dé àwọn ilé ẹ̀kọ́.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn aṣòfin ti fi ọ̀rọ̀ yìí bínú rí? Tom Coburn, tó jẹ́ sẹ́nétọ̀ Oklahoma nígbà náà, máa ń tẹ ìwé kan tó ń jẹ́ Wastebook, níbi tó ti ń to àwọn ìnáwó ìjọba tó kà sí ìfiṣòfò. Ní 2011, ó ka 100 irú rẹ̀. Ọ̀kan lára wọn ni owó tó lé ní 113,000 dọ́là tí ìjọba àpapọ̀ fún ibùdó ìtàn géèmù ní The Strong, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé eré tó wà ní Rochester, pé kí wọ́n fi tọ́jú géèmù. Dókítà oníṣègùn ni Coburn. Ẹni tó ti dúró ti aláìsàn rí lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìdí tí owó fi ń lọ sórí géèmù nígbà tí ilé ìwòsàn ń wá owó, n kò sì ní fọwọ́ rọ́ ìbéèrè náà sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń béèrè bẹ́ẹ̀ kì í sábà bá ilé tó ń tọ́jú ìbọn ogun àtijọ́ jà. Ohun tó ń dùn wọ́n ni pé géèmù kò tíì gbó. Bẹ́ẹ̀, géèmù kì í dúró de ọjọ́ ogbó.

Ṣé o mọ̀ pé géèmù wà tí ó ń pa ara rẹ̀? Ní 1993, ilé iṣẹ́ Capcom ti Jàpáànì gbé pátákó ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ CPS-2 jáde fún àwọn ṣọ́ọ̀bù géèmù, Super Street Fighter II sì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Kí ayédèrú má baà gbòde, wọ́n fi àdììtú ti géèmù náà pa, wọ́n sì tọ́jú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ síbi tí bátìrì kan ń gbé ró. Ọjọ́ tí bátìrì bá kú, kọ́kọ́rọ́ parẹ́ nìyẹn. Ẹ̀rọ tí ibì kankan kò bàjẹ́ lára rẹ̀ kò ní lè ka géèmù tó wà nínú ara rẹ̀ mọ́. Àwọn olùfẹ́ géèmù, tí ẹnikẹ́ni kò sanwó fún, ló fi ọ̀pọ̀ ọdún wá ojútùú rẹ̀.

Bátìrì wà nínú ọ̀pọ̀ káséètì géèmù bákan náà, òun ló ń jẹ́ kí ó rántí ibi tí o ṣeré dé, òun náà sì ń kú. Ìbọn tí a fi ń yin pẹ́pẹ́yẹ nínú géèmù Duck Hunt kò lè ṣiṣẹ́ lójú tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ ìsinsìnyí, nítorí ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà sáré lójú tẹlifíṣọ̀n ẹlẹ́yìn gígùn ni ìbọn náà ń kà, tẹlifíṣọ̀n ẹlẹ́yìn gígùn sì ti kúrò lọ́jà. Ìwé tí a gbé sínú àpótí tó gbẹ lè wà níbẹ̀ fún 200 ọdún kí a tó tún ṣí i. Géèmù ń fẹ́ ẹni tí yóò máa ṣí i wò, tí yóò máa pààrọ̀ bátìrì, tí yóò máa ṣe àdàkọ kí èyí tó wà nílẹ̀ tó kú. Owó oṣù ẹni yẹn gan-an ni à ń jà lé lórí.

Ṣé o mọ̀ pé nínú géèmù 100 tó jáde ní Amẹ́ríkà ṣáájú ọdún 2010, nǹkan bí 87 ni àwọn tó ni wọ́n kò tà mọ́? Video Game History Foundation àti Software Preservation Network ló ṣe ìwádìí náà ní 2023. Ọjà ti sọ tirẹ̀: èyí tó bá ṣì ń mówó wọlé ló ń tọ́jú. Ní oṣù Kẹwàá 2024, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ẹ̀tọ́ àdàkọ tún kọ̀ fún àwọn ilé ìkàwé láti máa jẹ́ kí olùwádìí ṣe irú géèmù bẹ́ẹ̀ láti ilé rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá fẹ́ rí i gbọ́dọ̀ lọ síbi tí wọ́n kó o sí.

Ṣé o mọ̀ pé ìlú kan ti rí owó nínú géèmù tí wọ́n dà sí ààtàn? Ní oṣù Kẹsàn-án 1983, nígbà tí ọjà dojú dé fún ilé iṣẹ́ géèmù Atari, wọ́n kó géèmù tí kò tà lọ sí ààtàn Alamogordo ní New Mexico, wọ́n sì bò ó mọ́lẹ̀. E.T., tí gbogbo ayé bú, wà nínú wọn. Fún ọgbọ̀n ọdún ni àwọn kan ń sọ pé àhesọ lásán ni. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹrin 2014, wọ́n wa ilẹ̀ ibẹ̀, káséètì sì ń jáde, nǹkan bí 1,300. Ìlú ló ni ààtàn, ìlú ló sì ni ohun tí wọ́n hú. Èyí tí wọ́n tà lórí eBay mú ohun tó lé ní 100,000 dọ́là wọlé. Wọ́n fún àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní tiwọn, Smithsonian sì gbà nínú rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é ti kà á sí pàǹtírí.

Ti Jàpáànì ló dùn mí jù. Ṣé o mọ̀ pé ní 2009, ìjọba Taro Aso ya 11.7 bílíọ̀nù yẹ́ẹ̀nì sọ́tọ̀ láti kọ́ ilé ńlá kan fún mánga (ìwé ìtàn tí a fi àwòrán sọ), fún fíìmù àwòrán yíyà àti fún géèmù? Àwọn alátakò fi ṣẹ̀sín, wọ́n ní ilé kọfí tí wọ́n ti ń ka mánga ni ìjọba fẹ́ ṣí. Ẹgbẹ́ Aso fìdí rẹmi nínú ìbò oṣù Kẹjọ ọdún náà, ìjọba tuntun sì fagi lé e. Ní oṣù Kẹwàá 2024, Nintendo fi owó ara rẹ̀ ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tirẹ̀ ní Uji, nínú ilé iṣẹ́ tó ti ń ṣe káàdì tẹ́lẹ̀. Ìtàn Nintendo ló wà níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè bá wọn wí, owó wọn ni. Ṣùgbọ́n àìmọye ilé iṣẹ́ kéékèèké ti kógbá wọlé. Ta ni yóò kọ́ ilé fún wọn?

Wo ọ̀rọ̀ Jerry Lawson, ọkùnrin adúláwọ̀ ará Amẹ́ríkà. Òun ló darí iṣẹ́ Channel F ní ilé iṣẹ́ Fairchild, ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tí èèyàn lè yọ káséètì géèmù rẹ̀ kí ó fi òmíràn sí i, tó jáde ní 1976, ọdún kan ṣáájú ẹ̀rọ Atari tó gbòkìkí. Fairchild kò pẹ́ nídìí géèmù, kò sì sí ilé iṣẹ́ tí yóò jèrè nínú sísọ ìtàn Lawson. The Strong ló ṣe àfihàn nípa iṣẹ́ rẹ̀, ilé kan náà tó wà nínú ìwé Coburn.

Mo fẹ́ràn ohun tí wọ́n ṣe ní Tampere, ní Fínlándì. Ará ìlú dá owó jọ láti dá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé géèmù sílẹ̀, ó lé ní 85,000 yúrò, Vapriikki tó jẹ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú sì fún wọn láyè. Wọ́n ṣí i ní oṣù Kìíní 2017. Bí ìjọba ilẹ̀ mìíràn bá fẹ́ náwó, kí ó bá ará ìlú ṣe é pọ̀ bẹ́ẹ̀, kí owó lọ sórí ìtọ́jú ju mábù lọ, kí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wọlé lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọ̀rọ̀ náà kàn wá ní ilé pẹ̀lú. Gamsole, ilé iṣẹ́ géèmù tí Abiola Olaniran dá sílẹ̀ ní 2012, ṣe géèmù tí mílíọ̀nù èèyàn gbà sórí fóònù Windows. Ní oṣù Kejìlá 2019, Microsoft ti ọjà géèmù fóònù náà pa. Ọmọ tó bá fẹ́ rí bí àwọn géèmù wọ̀nyẹn ṣe rí lórí fóònù tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe wọ́n fún kò ní ibì kan ní Nàìjíríà tó lè lọ bí ẹni ń lọ sí ilé ìkàwé.

Ilé ńlá kọ́ ni mo ní kí a fi bẹ̀rẹ̀. Ṣé o mọ̀ pé láti 1537 ni ọba Faransé, François Kìíní, ti pàṣẹ pé kí ẹ̀dà gbogbo ìwé tí wọ́n bá tẹ̀ wá sí ilé ìkàwé ọba, àti pé ní 1992 òfin náà nà dé géèmù? Àwa náà ní irú òfin bẹ́ẹ̀. Òfin ilé ìkàwé àpapọ̀ ti 1970 ní kí atẹ̀wé aládàáni fi ẹ̀dà 3 gbogbo ìwé tó bá tẹ̀ ránṣẹ́. Kí àwọn aṣòfin wa fi gbólóhùn kan nípa géèmù kún un, kí wọ́n sì ya owó oṣù òṣìṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta sọ́tọ̀ tí yóò máa gba géèmù náà wọlé, tí yóò máa dán an wò, tí yóò sì máa ṣe àdàkọ rẹ̀.