Kí Á Tó Fi Owó Ra Ariwo

Àwọn àgbà ní ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọbẹ̀ tó pa owó ló dùn. Èyí ni a rò mọ́ ọ̀rọ̀ hẹ́ẹ̀dísẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rọ ìgbóhùn tí àwọn ọ̀dọ́ ń gbé sórí, tí wọ́n fi ń bo etí méjèèjì nígbà tí wọ́n bá ń ṣeré gẹ́ẹ̀mù.

Irú rẹ̀ kún àwọn ìsọ̀ Ọjà Àlàbá ní Ọ̀jọ́, lẹ́bàá òpópónà Èkó sí Àgbádárìgì. Láti 1978 tí a ti dá ọjà náà sílẹ̀ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀rọ ti ń gba ibẹ̀ wọ ilé wa. Tuntun wà níbẹ̀, tòkunbọ̀ wà níbẹ̀, ayédèrú náà kò sì gbẹ́yìn. Bí ọmọ bá wá ní kí bàbá òun tí í ṣe olùkọ́ ra ọ̀kan fún òun, kí ni bàbá yóò fi mọ èyí tó tó owó rẹ̀?

Èkíní, kí ó má ṣe fi àwọ̀ páálí dá ọjà. Bí wọ́n bá kọ 7.1 sí i lára, tí wọ́n ní ohùn yóò máa ti ìhà gbogbo wá, kí ó mọ̀ pé agbóhùnjáde kan ṣoṣo ló sábà máa ń wà ní etí kọ̀ọ̀kan. Ìṣirò kọ̀ǹpútà ló ń ṣe ìyókù. Bí wọ́n bá kọ 20 Hz dé 20,000 Hz, ìwọ̀n tí etí ènìyàn tó yá gágá lè gbọ́ náà ni. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, olówó ńlá àti olówó pọ́ọ́kú, ló ń kọ ọ́.

Èkejì, kí ó yẹ ọ̀nà tí ohùn ń gbà wò. Nínú èyí tó ń lo Bluetooth, ohùn a máa rìn lẹ́yìn àwòrán díẹ̀, bátìrì rẹ̀ a sì máa fẹ́ iná. Ohùn èyí tó ní wáyà kì í pẹ́. Ṣùgbọ́n kí ó rí i pé ẹnu wáyà náà bá fóònù tàbí ẹ̀rọ ọmọ rẹ̀ mu.

Ẹ̀kẹta, kí ó gbé e sórí níbẹ̀, kí ó mọ̀ bóyá ó wúwo. Kí ó sọ "ó sá" àti "ó ṣá" sínú gbohùngbohùn rẹ̀, kí ó gbà á sílẹ̀, kí ó sì gbọ́ ọ. Bí kò bá mọ ìyàtọ̀ méjèèjì, kí ó dá a padà fún ọlọ́jà.

Ṣùgbọ́n èyí tó ju owó lọ ni etí. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kìlọ̀ pé ọ̀dọ́ tó ju bílíọ̀nù kan lọ ni gbígbọ́ ohùn aláriwo lè ba etí wọn jẹ́. Fún ọmọdé, wọ́n ní kí ohùn má kọjá dẹ́síbẹ́lì 75 fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀. Bí ó bá fi 3 lé sí i, wákàtí náà di 20. Nínú ilé tí jẹnẹrétọ̀ ń bú lójú fèrèsé, ẹ̀rọ tí kò bo etí dáadáa ni yóò mú kí ọmọ gbé ohùn sókè. Ẹ̀yin olùkọ́ ni ẹ mọ ìyà ọmọ tí kò gbọ́ ohun tí à ń kọ́ ọ. Hẹ́ẹ̀dísẹ́ẹ̀tì tó bàjẹ́ ṣeé pààrọ̀ ní Àlàbá. Etí tó bàjẹ́, wọn kì í tà á níbẹ̀.

Kí oníbàárà rántí pẹ̀lú pé òfin ààbò oníbàárà ti 2018 pa á láṣẹ fún ọlọ́jà láti fúnni ní rìsíìtì, kí ó sì sọ ọ́ gbangba bí ọjà bá jẹ́ àlòkù. Ẹni tó bá kọ̀ láti ṣe méjèèjì, kí á fi í sílẹ̀.

Ìdájọ́ wa nìyí: bí ọmọ bá ń bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ nínú eré náà, tí ẹ̀rọ náà sì yege ìdánwò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí á rà á, kí òbí sì máa ṣọ́ ohùn rẹ̀. Bí òun nìkan bá ń ṣeré níwájú tẹlifíṣọ̀n, ohùn tẹlifíṣọ̀n náà tó o. Kí á fi owó yòókù ra ìwé.