ÒKÙNKÙN LÓRÍ ÒKÙNKÙN: ÀLÀYÉ LÓRÍ MÍMÒÒKÙN NÍ ÒRU NÍNÚ AGBAMI ÒKUN

 

Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi nínú Ìsìláàmù, ní agbègbè wa yìí, láti Kétu dé Mile 12 títí wọ Ìkòsì, omi kì í ṣe àlejò. Odò Ògùn ń gba ẹ̀yìnkùlé wa lọ sínú ọ̀sà, àwọn ará Àgbóyí ń wọ ọkọ̀ ojú omi bí àwa ṣe ń wọ dánfó. Síbẹ̀, tí a bá dé àáyà 40 nínú Súúrà Núúrù, níbi tí Ọlọ́hun ti fi iṣẹ́ aláìgbàgbọ́ wé òkùnkùn inú ibú, tí ìgbì wà lórí ìgbì, tí ìkúùkù tún bo gbogbo rẹ̀, tí ènìyàn yóò yọ ọwọ́ ara rẹ̀ tí kò ní fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i, mo máa ń rí i lójú àwọn tó ń gbọ́ tàfúsíírù pé wọ́n rò pé àsọdùn ni. Kì í ṣe àsọdùn rárá.

Ẹ jẹ́ kí á ti ọ̀dọ̀ àwọn tiwa bẹ̀rẹ̀. Àwọn tí ń kó yanrìn nínú ọ̀sà, ní Ọ̀wọ́rọ̀ǹṣòkí àti níbòmíràn, garawa ni wọ́n ń mú dání. Wọ́n á tẹ̀ lé àkàbà igi wọ ìsàlẹ̀, wọ́n á sé èémí, wọ́n á bu yanrìn, wọ́n á jáde. Kò sí àgbá afẹ́fẹ́ lẹ́yìn wọn. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń ríran nísàlẹ̀ yẹn, ọ̀sán gangan sì ni o, nítorí pé ẹrẹ̀ tí odò ń gbé wọ inú ọ̀sà ti dí ìmọ́lẹ̀ lọ́nà.

Nínú agbami kò sí ẹrẹ̀, omi mọ́ gaara, ṣùgbọ́n omi fúnra rẹ̀ ló ń jẹ ìmọ́lẹ̀. Àwọ̀ pupa ló kọ́kọ́ ń lọ. Tí ènìyàn bá gé ara rẹ̀ ní ogún mítà sísàlẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ní pupa mọ́ lójú rẹ̀. Àwọ̀ búlúù ló ń pẹ́ jù. Nígbà tí a ó bá fi dé mítà 200, ìmọ́lẹ̀ tó kù kò tó fún ewéko láti fi wà láàyè. Tí a bá kọjá mítà 1,000, oòrùn kò dé ibẹ̀ mọ́, ọ̀sán àti òru di ọ̀kan náà. Ẹ wá kíyè sí i pé ní èdè Lárúbáwá, ọ̀pọ̀ ni Kùránì fi sọ òkùnkùn yẹn, kì í ṣe ẹyọ kan. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nínú Súúrà Anbiyáà, níbi tí Ànábì Yúnúsà ti ké pe Olúwa rẹ̀. Ibn Kathir gba ọ̀rọ̀ wá láti ọ̀dọ̀ Ibn Mas'ud pé mẹ́ta ni òkùnkùn ọjọ́ náà: ti inú ẹja, ti òkun, àti ti òru.

Láyé òde òní, owó ni àwọn kan ń san láti wọ méjì nínú mẹ́ta yẹn. Ní 1943 ni Jacques Cousteau àti Émile Gagnan, àwọn ará Faransé, ṣe ẹ̀rọ tí ń fún ènìyàn ní afẹ́fẹ́ láti inú àgbá bí ó bá ṣe ń mí sí. Ní Kona, ní Hawaii ti Amẹ́ríkà, tí ilẹ̀ bá ti ṣú, ọkọ̀ á gbé àwọn amòòkùn lọ sí ibi tí omi ti jìn ju ẹgbẹ̀rún mítà lọ. Wọ́n á sọ okùn àti iná sílẹ̀, wọ́n á sì rọ̀ sí nǹkan bí mítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Wọn kì í wá ilẹ̀ lọ, àwọn àlejò ni wọ́n ń dúró dè. Ní alaalẹ́, àìmọye ẹ̀dá kéékèèké ń gòkè láti inú ibú wá jẹun, wọ́n á sì padà sísàlẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn tí ń fi ìró wá ọkọ̀ abẹ́ omi rí ohun kan tó dà bí ilẹ̀ òkun, tó ń gòkè ní alẹ́, tó ń sọ̀kalẹ̀ ní òwúrọ̀. Àṣé àwọn ẹ̀dá yẹn ni.

Ewu ibẹ̀ ni pé kò sí òkè, kò sí ilẹ̀. Ènìyàn lè máa rì kí ó rò pé òun dúró sójú kan. Èéfọ́ omi tó ń jáde lẹ́nu rẹ̀ ni ó máa ń wò, torí pé òkè ni ìyẹn máa ń gbà lọ nígbà gbogbo.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan bi mí léèrè ní Ìkòsì pé ṣebí àwọn ẹ̀dá inú ibú ní iná lára, kí ló dé tí àáyà náà fi sọ pé òkùnkùn ni? Ìbéèrè gidi ni. Òótọ́ ni pé púpọ̀ nínú wọn ń tan ìmọ́lẹ̀ tiwọn. Ṣùgbọ́n ìparí àáyà yẹn kan náà sọ pé ẹni tí Ọlọ́hun kò bá fún ní ìmọ́lẹ̀ kò lè ní i. Ẹja yẹn, wọ́n fún un ni. Níhìn-ín, mo fẹ́ kí àwọn oníwàásù wa kan rọra. Àfiwé ni àáyà náà, kò sọ̀kalẹ̀ láti kọ́ wa ní sáyẹ́ǹsì òkun. Bí a bá sọ àfiwé di sáyẹ́ǹsì, ọjọ́ tí àwọn onímọ̀ bá yí ọ̀rọ̀ wọn padà ńkọ́, kí ni a fẹ́ wí?

Nílẹ̀ wa níbí, ọkùnrin kan mọ òkùnkùn yìí ju gbogbo wa lọ. Ní May 26, 2013, ìgbì dojú ọkọ̀ Jascon-4 dé lójú òkun Escravos. Ènìyàn méjìlá ló wà nínú rẹ̀. Harrison Okene, tó jẹ́ agbọ́únjẹ wọn, wà nílé ìgbẹ̀ nígbà náà. Ó rí ibi tí afẹ́fẹ́ há sí, ó sì wà níbẹ̀ fún nǹkan bí ọgọ́ta wákàtí, ní nǹkan bí ọgbọ̀n mítà sísàlẹ̀, pẹ̀lú ìgò ẹlẹ́rìndòdò kan, tó ń ṣe àdúà ní ìlànà ẹ̀sìn Kìrìsítẹ́nì tirẹ̀. Òkú ni àwọn amòòkùn wá kó. Ọwọ́ alààyè ló kàn wọ́n. Àwọn mọ́kànlá yòókù kò yè é.

Wọn kò kàn fà á jáde o. Mítà mẹ́wàá-mẹ́wàá ni omi ń fi ìwúwo afẹ́fẹ́ ayé kan lé ènìyàn lórí, ara rẹ̀ á sì máa mu afẹ́fẹ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Bí ó bá gòkè lójijì, ẹ̀jẹ̀ á hó bí mínírà tí wọ́n mi kí wọ́n tó ṣí i, ìyẹn sì lè pa á. Inú yàrá irin kan ni wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí fún ọjọ́ mélòó kan, tí wọ́n ń dín ìwúwo náà kù díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà, òun fúnra rẹ̀ kọ́ṣẹ́ mímòòkùn.

Àwọn ọ̀dọ́ wa tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí lọ́dọ̀ àwọn elépo ń béèrè bóyá kì í ṣe pé ènìyàn ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ju ara rẹ̀ sínú ìparun, èyí tí Súúrà Bákárà kọ̀. Èsì mi ni pé Súúrà Náálì ka ọ̀ṣọ́ inú òkun mọ́ ìdẹ̀ra Ọlọ́hun, ṣé ẹni tí kò mòòkùn ló máa kó o jáde ni? Ẹni tó kọ́ṣẹ́, tó ní ẹnìkejì lẹ́gbẹ̀ẹ́, tó sì ní iná, àlàálì ni fún un. Ẹni tó kàn bẹ́ sínú omi òru láìkọ́ṣẹ́, òun ni àáyà Bákárà ń bá wí.

Ti ìrun ńkọ́? Àwọn tí ń ṣiṣẹ́ níbi tó jìn gan-an máa ń gbé inú yàrá irin bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin láìjáde. Omi wà níbẹ̀, kí wọ́n ṣe alùwàlá. Kí wọ́n kọjú sí gábàsì bí wọ́n bá ti lè mọ̀ ọ́n mọ. Afẹ́fẹ́ hílíọ́ọ̀mù tí wọ́n ń mí níbẹ̀ máa ń sọ ohùn wọn di tín-ín-rín bí igbe pẹ́pẹ́yẹ, tí Fátíà ẹni á fi dà bí ẹ̀fẹ̀ létí ẹni tó ń gbọ́. Lójú tèmi, ìrun náà pé.