Ojú Ti Là, Ṣùgbọ́n Lẹ́tà Ń Di Méjì



Ìwádìí tí wọ́n ṣe jákèjádò Nàìjíríà láàrin 2005 sí 2007 fi hàn pé kàtáráàtì ló ń fọ́ àwọn ẹni ogójì ọdún sókè lójú jù lọ. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun pé iṣẹ́ abẹ ń là á. Ṣùgbọ́n a mọ àwọn àgbà kan tí ojú wọn là, tí wọ́n tún ń ṣàròyé lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Bí wọ́n bá ṣí Àlùkùránì, lẹ́tà á ní òjìji. Àmì méjì orí "táà" á lẹ̀ mọ́ra, wọn ò ní mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí "núùn" mọ́. Wọ́n á ní kàtáráàtì ti padà, tàbí pé ọjọ́ ogbó ni, wọ́n á pa ìwé dé.

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ojú ọgbẹ́ ìjọ́sí ló fà á. Nínú iṣẹ́ abẹ tí kò ní rírán, dókítà á la ọ̀nà tóóró kan, bíi mìlímítà 6 sí 7, sí ẹ̀gbẹ́ ẹyinjú, á yọ dígí inú ojú tó ti di funfun, á fi àtọwọ́dá rọ́pò rẹ̀. Ọ̀nà náà á pa ara rẹ̀ dé láìlo òwú. Iṣẹ́ náà yá, owó rẹ̀ kò sì ga. Ṣùgbọ́n ojú ọgbẹ́ náà lè máa fẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Awọ mímọ́ gaara iwájú ẹyinjú, tó yẹ kó rí roboto bíi bọ́ọ̀lù, á wá rí bíi ẹ̀gbẹ́ ẹyin adìẹ. Ìmọ́lẹ̀ ò ní pàdé lójú kan náà mọ́. Astigmatism ni àwọn dókítà ń pè é.

Lọ́pọ̀ ìgbà, awò ojú ló ń tún un ṣe, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí a kàn mú lórí àtẹ lọ́jà Òkè-Ajé. Ìyẹn kàn ń sọ lẹ́tà di ńlá ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ojú kọ̀ọ̀kan wò, kí wọ́n ṣe awò tó bá a mu. Ẹ̀ka ìtọ́jú ojú wà ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ ní Ṣágámù. Ẹ máa lọ lọ́dọọdún, nítorí àrùn ojú mìíràn náà lè mú kí lẹ́tà ṣú. Bí ojú bá pọ́n tó sì ń dunni, tàbí tí ìríran dín kù lójijì, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ lọ. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kán àgbo sí i, tàbí kó fi abẹ́rẹ́ gún un.

Ẹ̀yin ọmọ tó ń bọ̀ wálé fún Iléyá àti Ojúde Ọba, ẹ jókòó ti ìyá yín, kí ẹ ní kí wọ́n ka súrà kan fún yín láti inú ìwé, kì í ṣe láti orí. Bí wọ́n bá ń di ojú kan, tàbí tí wọ́n ń gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ mú wọn lọ fún àyẹ̀wò kí ẹ tó padà sí Èkó. Ànábì wa (kí ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) pàṣẹ pé kí a wá ìwòsàn. Kí Ọlọ́hun má gba ìmọ́lẹ̀ ojú wa. Àmín.