Ẹ̀yà Ẹ́ńjìnnì Àlòkù: Èyí Tí A Ó Fi Pamọ́, Èyí Tí A Ó Tà, Èyí Tí A Ó Sọ Di Àjákù

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé síwájú yín yìí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ó bá ti dúró ní ọgbà mẹkáníìkì rí. Bí a bá tú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ògbólógbòó kan palẹ̀, tí a to ẹ̀yà rẹ̀ sílẹ̀, ọ̀nà mẹ́ta ni ó wà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn: kí a fi í pamọ́, kí a tà á, tàbí kí a kà á sí kọ́ńdẹ́ẹ̀mù. Owó ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fi ṣe òdiwọ̀n. Lójú tèmi, ìbéèrè kan ni ó yẹ kí ó ṣáájú owó: bí ẹ̀yà yìí bá já ènìyàn kulẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ ń sáré, kí ni yóò ṣẹlẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí a fi Peugeot 504 ṣe àpẹẹrẹ. Ní 1975 ni ilé iṣẹ́ Peugeot bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Kàdúná, 504 sì wà lára ọkọ̀ tí wọ́n tò níbẹ̀. Nítorí náà, inú rẹ̀ kò ṣókùnkùn sí àwọn mẹkáníìkì wa. Sìlífù tí písítìn ń sáré nínú rẹ̀ ṣe é yọ kúrò nínú búlọ́ọ̀kù. Bí ó bá jẹ, a ó yọ ọ́, a ó sì fi tuntun rọ́pò rẹ̀ pẹ̀lú písítìn tirẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé búlọ́ọ̀kù 504 tí kò bá là, tí ìpẹtà kò sì tíì jẹ ibi tí sìlífù jókòó sí, yẹ ní pípamọ́. Ti kiráńkì náà fara jọ ọ́. A lè há ojú rẹ̀ kúrò díẹ̀, bíi 0.25 mm, kí a sì fi bẹ́ríìnì tí ó nípọn jù ti àtẹ̀yìnwá lọ sí i. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é ti fi ààlà sí i. Bí a bá ti dé ààlà náà, irin lásán ni ó kù. Ẹ̀rọ ìwọ̀n ni yóò sọ èyí fún wa. Ojú kò lè sọ ọ́, èékánná tí àwọn kan fi ń họ ọ́ kò sì lè sọ ọ́.

Tọ́ọ̀pù sílíńdà ni ó le jù láti dájọ́ fún. Alumíníọ̀mù ni ti 504. Bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná jù, ó lè wọ́. A lè há a kí ojú rẹ̀ tẹ́ padà, ṣùgbọ́n bí a ti ń há a ni ó ń fẹ́lẹ́ sí i. Ẹni tí ó bá fẹ́ tà á ní Ládípọ̀ tàbí ní Agodi Gate gbọ́dọ̀ sọ fún oníbàárà pé a ti há a rí, àti iye tí a há kúrò. Ọ̀dà sílífà tí wọ́n ń kùn sí i lára kì í di ojú ibi tí ó ti là.

Gásíkẹ́ẹ̀tì, ríìngì, bẹ́ríìnì àti ohun gbogbo tí a fi rọ́bà ṣe kò ní àríyànjiyàn nínú: ẹ má ṣe dá wọn padà sínú ẹ́ńjìnnì. Mo mọ̀ pé àwọn àgbà mẹkáníìkì fẹ́ràn láti máa kó bóòtù sínú agolo mílíìkì, n kò sì bá wọn jà. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì ayé òde òní, bóòtù tí ó de tọ́ọ̀pù mọ́ búlọ́ọ̀kù máa ń nà nígbà tí a bá fún un. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a lè lò ó.

Kọ́ńdẹ́ẹ̀mù ńkọ́? Ọmọ Ògún kan náà ni mẹkáníìkì àti alágbẹ̀dẹ. Sípíríìn ọkọ̀ tí ó kán ti di àdá àti ọkọ́ tipẹ́tipẹ́. Ti alumíníọ̀mù ni ó ń kọ mí lóminú. 660°C ni ó ń yọ́, iná èédú tí a fẹ́ dáradára sì lè ṣe é. Nípa báyìí ni písítìn àti tọ́ọ̀pù ṣe ń di ìkòkò ọbẹ̀. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe lórí irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ ní Kamẹrúùnù, tí ó jáde ní 2014, fi hàn pé òjé ń ti ara wọn jáde bí a bá fi ohun kíkan sè nínú wọn. Ata àti tòmátì wa sì kan. Òjé a máa ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Inú àjákù onírúurú tí a dà pọ̀ ni ó ti ń wá: bẹ́ríìnì àtijọ́ mìíràn ní òjé nínú, bẹ́ẹ̀ ni ohun tí a fi jó rédíétọ̀ àtijọ́ pọ̀. Ẹ má ṣe kó wọn pọ̀ mọ́ alumíníọ̀mù sínú àpò kan. Síbẹ̀, yíyà wọ́n sọ́tọ̀ nìkan kò tó, nítorí òjé díẹ̀ lè wà nínú alumíníọ̀mù àlòkù fúnra rẹ̀. Èmi kì yóò ta písítìn fún ẹni tí ń rọ ìkòkò. Bí ó bá jẹ́ púlì ẹ̀rọ tàbí ohun mìíràn tí oúnjẹ kò kàn ni ó ń rọ, kò burú.

Ó ku ohun kan. Apá irin tí ó so písítìn mọ́ kiráńkì, bí ó bá ti tẹ̀ tàbí tí ó ti là, kí a fi òòlù fọ́ ọ tàbí kí a gé e sí méjì kí ó tó kúrò lọ́wọ́ wa. Bí a bá gbé e fún oníkọ́ńdẹ́ẹ̀mù ní odindi, a lè rí i lórí àtẹ láìpẹ́, tí wọ́n ti fi epo bẹntiróòlù fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní.