Ìdánwò Ń Bọ̀: Ìfọ̀kànbalẹ̀ fún Ọmọ Òṣòdì àti Ìsọlọ̀

Láti oṣù kẹrin títí di oṣù keje ni ìdánwò máa ń já lura fún àwọn ọmọ tó ń parí sẹ́kọ́ńdìrì: ti JAMB, ti WAEC, lẹ́yìn náà ti NECO. Ní 2025, ọjọ́ kan náà, ọjọ́ 24 oṣù kẹrin, ni ti JAMB àti ti WAEC bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó forúkọ sílẹ̀ fún méjèèjì kò ráyè mí.

Ìnira yìí ti pẹ́. Ní 1960, Raymond Prince, dókítà ọmọ Kánádà tó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Àrò l'Abẹ́òkúta, kọ̀wé nípa ohun tó rí lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà. Ó pè é ní "brain fag". Orí wọn ń gbóná, nǹkan ń rìn wọ́n lágbárí, ojú wọn ń ṣe bàìbàì. Wọ́n á ka ojú ìwé kan tán, kò ní sí ohun tó wọlé. Ẹ má pè wọ́n ní olódo o: ìgbà tí wọ́n bá ń kàwé kíkankíkan gan-an ló ń ṣe wọ́n. Nígbà tí gbogbo ẹbí bá ti gbé ìrètí lé ọmọ kan lórí, ìwé tó ń kà kì í ṣe tirẹ̀ nìkan mọ́.

Àìsùn ló ń dá kún un ládùúgbò wa. Lọ́sàn-án, ariwo kọ̀ńdọ́ dánfó, bàálù lókè Máfólúkù, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò. Ọmọ á ní òun yóò dúró di òru. Á jẹ obì, á mu kọfí, á ki ẹsẹ̀ bọ omi tútù. Káféènì inú obì àti kọfí ń lé oorun lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó tún ń mú kí àyà máa lù kìkì, bẹ́ẹ̀ ojú oorun ni ọpọlọ ti ń to ohun tí a kà pamọ́. Kí ọmọ sùn ní aago mẹ́sàn-án, kí ó jí ní aago mẹ́rin ààbọ̀, ó sàn ju kíkàwé mọ́jú lọ.

Kíka ìwé ní àkàtúnkà sì máa ń tan ni jẹ, ó ń dà bí ẹni pé a ti mọ̀ ọ́n. Roediger àti Karpicke fi hàn ní Amẹ́ríkà ní 2006 pé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tó pa ìwé dé tí wọ́n dán ara wọn wò rántí ju àwọn tó ń kà á lọ kà á bọ̀. Past question ni kí ọmọ máa ṣe, kí aago wà níwájú rẹ̀. Ìbéèrè 180 ni ti JAMB ní wákàtí 2, ìyẹn ìṣẹ́jú àáyá 40 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí ẹni tí kò mọ kọ̀ǹpútà lò má sì fòyà: bọ́tìnnì 8 péré tó láti fi ṣe é, kò nílò máòsì.

Ẹ̀yin òbí, ẹ rántí 2025. JAMB fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé àṣìṣe ba ìdánwò àwọn ọmọ 379,997 jẹ́. 206,610 nínú wọn wà l'Ékòó. Wọ́n pè wọ́n padà wá ṣe òmíràn. Ọmọ tí wọ́n ti bú nítorí máàkì tó kéré kí òótọ́ tó jáde, ta ni yóò bẹ̀ ẹ́?

Kí ọmọ lọ mọ ibi tí yóò ti ṣe ìdánwò ṣáájú ọjọ́ náà. Ní 2025, aago 6:30 àárọ̀ ni JAMB ní kí àwọn tó kọ́kọ́ ń wọlé dé fún àyẹ̀wò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé aago 8 ni ìdánwò. Òjò kan ṣoṣo sì tó láti sọ ọ̀nà Òṣòdì sí Àpápá di súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Bí àyà bá ń já a, kí ó mú bébà, kí ó kọ ohun tó ń bà á lẹ́rù sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 kó tó wọlé. Ramirez àti Beilock rí i ní 2011 pé ó ń ran àwọn tí ìdánwò ń dẹ́rù bà lọ́wọ́. Nínú gbọ̀ngàn, kí èémí tó ń jáde pẹ́ ju èyí tó ń wọlé lọ.

Bí ọmọ kò bá sùn mọ́, tí kò jẹun, tàbí tó ń sọ pé ayé sú òun, ẹ má dúró de èsì. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ ní Yábàá ní ẹ̀ka fún àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́ ní Òṣòdì níbí.