BÍ A ṢE LÈ DÈNÀ BÍBU ÀGBÀDO NÍNÚ ILÉ

  Ọ̀rọ̀ wa tọ̀tẹ̀ yìí dá lórí àgbàdo tó ń bu nínú ilé lẹ́yìn ìkórè.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun kan tí mo fojú ara mi rí ṣe àpẹẹrẹ. Ní ọdún kan, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kan kó àgbàdo wọn jọ, wọ́n háyà ọkọ̀, wọ́n sì gbé e lọ sí ilé iṣẹ́ kan tó ń lọ oúnjẹ adìyẹ ní apá Sàngó. Òkè àpò mọ́ tónítóní. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gba ọjà ti irin gbọọrọ bọ àárín àpò, ó fà á yọ, ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó sì mi orí. Àárín àpò ti gbóná. Àwọn hóró ti lẹ̀ mọ́ ara wọn, eruku àwọ̀ ewé sì ti bò wọ́n. Wọ́n dá ọkọ̀ náà padà. Owó ọkọ̀ wọlẹ̀, owó àgbàdo náà wọlẹ̀. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ wọn, ọ̀kan nínú wọn bi mí pé: "Ọ̀gá, inú yàrá la kó o sí, òjò ò pa á, kí ló wá mú un bu?"

Ìbéèrè gidi ni. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé omi náà kò ti òrùlé wá. Inú àgbàdo fúnra rẹ̀ ló wà kí wọ́n tó gbé e wọ yàrá.

ÌDÍ TÓ FI Ń ṢẸLẸ̀ LÁGBÈÈGBÈ WA

Gbogbo wa la mọ bí ọ̀rọ̀ oko ṣe rí ní Ọ̀tà, Sàngó, Ìjú, Atan àti Igbèsà. Ilé iṣẹ́ àti ilé gbígbé ti gba ilẹ̀ púpọ̀. Oko ẹlòmíràn wà láàárín ògiri ilé iṣẹ́ méjì. Bí àgbàdo bá gbó tán, ẹ̀rù olè ni yóò máa ba olóko. Nítorí náà, kíá ló ń ṣẹ́ ẹ, tí yóò kó o wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, yàrá tàbí ṣọ́ọ̀bù tí kò sẹ́ni nínú rẹ̀.

Àgbàdo tí a gbìn ní oṣù kẹta sí oṣù kẹrin tún máa ń gbó ní oṣù keje, nígbà tí òjò kò tíì dáwọ́ dúró dáadáa. Oòrùn kò pọ̀, ojú ọjọ́ rin gbingbin. Èyí tí a bá gbìn nígbà òjò kejì, tí a sì kó ní oṣù kọkànlá sí oṣù kejìlá, kò ní wàhálà tó bẹ́ẹ̀, nítorí ọyẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé. Àgbàdo oṣù keje gan-an ló yẹ ká ṣọ́.

KÍ LÓ Ń MÚ ÀGBÀDO BU?

Ẹ mọ olú tí í hù lára igi tó ti jẹrà. Ẹbí rẹ̀ ni ohun tó ń mú àgbàdo bu. Irúgbìn rẹ̀ kéré ju eruku lọ. Ó wà nínú ilẹ̀ oko, ó wà nínú afẹ́fẹ́, ó wà lára àpò àtijọ́ àti nínú lílà ara ògiri. Kò sí bí a ṣe lè lé gbogbo rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí kò bá rí omi, kò lè hù.

Bí a bá ṣẹ́ àgbàdo gbígbó lóko, omi inú rẹ̀ sábà máa ń tó ìdá 20 sí ìdá 30 nínú 100. Kí a tó lè kó o pamọ́ sínú àpò, omi náà gbọ́dọ̀ dínkù sí ìdá 13 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Ẹ wò ó báyìí: bí àpò àgbàdo kan bá wọn kílò 100, tí omi inú rẹ̀ sì jẹ́ ìdá 25, kílò 25 nínú rẹ̀ ni omi. Èyí dọ́gba pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì omi onílítà 25 kan. Ta ni yóò da kẹ́ẹ̀gì omi kan sínú àpò àgbàdo, kó sì ránnu àpò náà?

Ohun kejì ni pé àgbàdo kì í ṣe òkúta, ó ń mí. Bó ṣe ń mí ló ń tú ooru àti ọ̀rinrin sílẹ̀. Nínú yàrá tí afẹ́fẹ́ kò wọ̀, tí a to àpò lé ara wọn, ooru náà kò rí ọ̀nà jáde. Àárín àpò á gbóná, olú á rí omi, á rí ooru, á sì gbilẹ̀. Nítorí náà ni òkè àpò fi lè mọ́ nígbà tí àárín rẹ̀ ti bàjẹ́.

EWU TÓ WÀ NÍNÚ RẸ̀ JU OWÓ LỌ

Àwọn kan máa ń sọ pé, "Bí ènìyàn ò bá lè jẹ ẹ́, adìyẹ á jẹ ẹ́." Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Oríṣi kan nínú àwọn olú yìí máa ń tu májèlé tí wọ́n ń pè ní aflatoxin sínú hóró. Ẹ̀dọ̀ ni májèlé náà ń bá jà. Síse kò pa á tán, sísun kò pa á tán, a kò sì lè fi ojú rí i.

Ní ọdún 1960, tòlótòló tó lé ní 100,000 kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí wọ́n wádìí rẹ̀, ẹ̀pà tó ti bu tí wọ́n lọ̀ mọ́ oúnjẹ wọn ló fà á. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ dá májèlé yìí mọ̀.

Ní ọdún 2004, ní apá ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà, ènìyàn 317 ni àìsàn ẹ̀dọ̀ kọlù, 125 nínú wọn sì kú. Àgbàdo ni wọ́n jẹ, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì jẹ́ pé àgbàdo tí wọ́n fọwọ́ ara wọn gbìn ni. Ìwádìí fi hàn pé àwọn tó kó àgbàdo tútù pamọ́, tí wọ́n sì kó o sínú ilé tí wọ́n ń gbé, ni àìsàn náà mú jù. Ẹ wo bí ó ṣe jọ tiwa tó!

Kì í ṣe ojoojúmọ́ ló ń pa ènìyàn lójijì bẹ́ẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ló máa ń ṣe é. Ẹni tó bá ń jẹ díẹ̀díẹ̀ rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún lè ní àrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀dọ̀, pàápàá bó bá ti ní kòkòrò àrùn mẹ̀dọ̀wú tẹ́lẹ̀. Ní ti adìyẹ, wọn kì í sanra, ẹyin wọn á dínkù, abẹ́rẹ́ àjẹsára tí a gún fún wọn kì í sì ṣiṣẹ́ bó ti yẹ. Olówó adìyẹ á máa náwó lórí oògùn, kò sì ní mọ̀ pé inú oúnjẹ ni ọ̀tá wà. Pẹ́pẹ́yẹ àti tòlótòló kò lè fara dà á rárá.

OHUN TÓ YẸ KÍ A ṢE

1. Ẹ má ṣe jẹ́ kí àgbàdo pẹ́ lóko lẹ́yìn tó bá ti gbẹ lórí igi. Ẹ má sì kó o jọ sórí ilẹ̀ bí ẹ ti ń ṣẹ́ ẹ, nítorí inú ilẹ̀ ni olú náà ń gbé. Ẹ tẹ́ tapólì tàbí ẹní.

2. Ẹ bó háríhá rẹ̀ kúrò lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ ṣa èyí tí kòkòrò ti jẹ, èyí tí ẹyẹ ti sá àti èyí tó ti ń bu sọ́tọ̀. Ojú ibi tí kòkòrò lu ni olú ń gbà wọlé. Èyí tó bàjẹ́ kan lè kó bá gbogbo àpò.

3. Bí òjò kò bá jẹ́ kí ẹ rí oòrùn, àká ni kí ẹ lò, kì í ṣe yàrá. Ẹ fi igi tàbí ọparun kan àká tó ga kúrò nílẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 3, kí afẹ́fẹ́ lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ní agbègbè tí ojú ọjọ́ rin bíi tiwa, fífẹ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà 2 lọ. Gígùn rẹ̀ lè pọ̀ bí ẹ bá ti fẹ́. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó gùn kọjú sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá. Ẹ fi páànù bo orí rẹ̀, kí ẹ sì fi páànù yí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká nítorí èkúté. Àgbàdo tí a ti bó lè wà nínú rẹ̀ láìtíì gbẹ tán, afẹ́fẹ́ ni yóò gbẹ ẹ́.

4. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti yẹ̀ ẹ́, ẹ sá a sórí tapólì tàbí sìmẹ́ǹtì tó mọ́. Kó má nípọn, kí ẹ sì máa tú u léraléra. Ẹ má sá a sí etí títì tàbí orí ilẹ̀ lásán. Ẹ kó o wọlé kí ìrì tó sẹ̀.

5. Ẹ fi iyọ̀ dán an wò. Ẹ wá ìgò onígíláàsì tó gbẹ, tó ní ọmọrí. Ẹ sá iyọ̀ sóòrùn kó gbẹ dáadáa. Ẹ da àgbàdo sí ìdá kan nínú mẹ́ta ìgò náà, ẹ fi ṣíbí iyọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin sí i, ẹ dé e, kí ẹ sì gbọ̀n ọ́n fún ìṣẹ́jú kan. Ẹ gbé e kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, omi inú àgbàdo ṣì ju ìdá 15 lọ. Ẹ dá a padà sóòrùn. Bí iyọ̀ kò bá lẹ̀, ó ti kúrò ní ìdá 15, ṣùgbọ́n ẹ tún sá a fún ọjọ́ kan sí i kó lè dé ìdá 13.

6. Ẹ jẹ́ kó tutù kí ẹ tó ran àpò. Àgbàdo tó ti oòrùn bọ́ sínú àpò máa ń làágùn lóru.

7. Ẹ má to àpò sórí sìmẹ́ǹtì lásán, nítorí ilẹ̀ máa ń fa ọ̀rinrin wá. Ẹ to ó sórí pákó, kó sì jìnnà sí ògiri ní ẹsẹ̀ bàtà 2. Ẹ wo òrùlé bó bá ń jò. Ẹ ṣí fèrèsé lọ́sàn-án tí oòrùn bá ràn, ẹ tì í bí òjò bá ṣú. Lọ́sẹ̀ méjì-méjì, ẹ ti ọwọ́ bọ àárín àpò. Bó bá gbóná, ẹ tú u jáde lọ́jọ́ náà.

8. Àpò alápò mẹ́ta tí afẹ́fẹ́ kò wọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní PICS, dára láti fi pa kòkòrò láìlo oògùn. Ṣùgbọ́n àgbàdo gbígbẹ nìkan ni kí ẹ kó sí i. Kì í gbẹ àgbàdo, ṣe ló ń pa á mọ́ bó ṣe bá a.

ÌRÀNLỌ́WỌ́ LÁTI INÚ OKO

Àwọn onímọ̀ ní IITA, Ìbàdàn, ti ṣe ohun kan tí wọ́n ń pè ní Aflasafe, àjọ NAFDAC sì fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 2014. Olú tí kò ní májèlé ni wọ́n fi bo hóró ọkà bàbà. Bí a bá fọ́n ọn sóko, yóò gba àyè mọ́ èyí tó ní májèlé lọ́wọ́. Kílò 10 ló tó hẹ́kítà kan, ìyẹn bíi kílò 4 sí éékà kan. Ọ̀sẹ̀ 2 sí 3 kí àgbàdo tó yọ irùkẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ fọ́n ọn, nígbà tí ilẹ̀ bá rin. Kò ní kí ẹ má gbẹ àgbàdo o.

BÓ BÁ TI BU ŃKỌ́?

Ẹ fi aṣọ bo imú kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Ẹ má lọ̀ ọ́ mọ́ èyí tó dára, ẹ má fi ṣe ògì, ẹ má fún adìyẹ, ẹ má sì tà á fún ẹni tí kò mọ̀. Ẹ wa kòtò, kí ẹ sin ín jìnnà sí kànga. Ẹ̀yin ìyá wa tó ń ṣe ògì, hóró tó bá léfòó lójú omi, tó dúdú tàbí tó fọ́, ẹ ṣà á dànù.

IṢẸ́ ẸGBẸ́ NI

Kò rọrùn fún ẹnì kan láti ra tapólì ńlá tàbí ẹ̀rọ tó ń wọn ọ̀rinrin. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ lè rà á, kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ máa yá a lò. Ẹgbẹ́ lè kan àká síbi tí ọdẹ lè máa ṣọ́, kí ẹ̀rù olè má baà lé àgbàdo tútù wọ yàrá. Ẹ sì ṣe é lófin pé a kò ní da àgbàdo ẹnikẹ́ni pọ̀ mọ́ ti ẹgbẹ́ láìjẹ́ pé a dán an wò. Ẹ kọ orúkọ olóko sára àpò kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tí mo sọ níbẹ̀rẹ̀ ṣe òfin yìí lẹ́yìn tí ọkọ̀ wọn padà. Ìgò iyọ̀ kan ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.

Oòrùn tàbí afẹ́fẹ́ ni kó kọ́kọ́ gbàlejò àgbàdo, kí yàrá tó gbà á. Ohun tó bá ṣòro fún yín, ẹ mú un tọ òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn agbègbè yín lọ.